Ìlú Tí Wọn Kì í Ti í Ṣẹ́jú

Wọ́n ti mú iná lọ, àbí? Mo rí bí ẹ ṣe ń tú jáde láti inú ilé kọ̀ǹpútà yẹn, tí ẹ ń fọwọ́ nu ojú bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ẹ jókòó. Ibòòji igi ọdán yìí gbà yín. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn, ẹ sún síwájú, n kò lè máa pariwo bí ẹni ń lé ẹyẹ lóko. Èmi Ọdẹ́rìndé tí ẹ ń wò yìí, tí ẹ rò pé iṣẹ́ mi kò ju kí n máa lé adìyẹ kúrò nídìí àgbàdo, mo ti bá ẹfọ̀n ja ìjàkadì rí, ẹfọ̀n náà ló sì kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi ẹfọ̀n náà.

Ìtàn tí mo fẹ́ tú kalẹ̀ lónìí kì í ṣe tèmi. Ti Ọdẹ́jìnmí ni, ọ̀rẹ́ mi, tí a jọ kọ́ iṣẹ́ ọdẹ lábẹ́ ọ̀gá kan ní Òkè-Àparò. Ó sọ ọ́ fún mi láìfi nǹkan kan pamọ́, èmi náà yóò sì sọ ọ́ fún yín bẹ́ẹ̀. Ibi tí mo bá rí i pé kò sọ ọ́ dùn tó, n ó bá a fi iyọ̀ díẹ̀ sí i.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ojú tí ọkùnrin náà ní. Bí àparò bá bà sórí òkè kejì, Ọdẹ́jìnmí yóò sọ fún yín bóyá akọ ni tàbí abo. Bó bá gbé ìbọn ṣakabùlà rẹ̀ séjìká, ojú rẹ̀ kì í ṣẹ́ títí ẹran yóò fi ṣubú. Èyí ni gbogbo ayé fi ń yìn ín, òun náà sì fẹ́ràn ìyìn bí ewúrẹ́ ṣe fẹ́ràn èèpo iṣu. Ọ̀gá wa nìkan ni kì í yìn ín.

Ohun méjì ni ọ̀gá wa fi kọ́ wa ju gbogbo ohun yòókù lọ. Èkíní: "Ẹni tí ẹ bá pàdé nínú igbó, ẹ kọ́kọ́ ṣẹ́jú sí i. Bó bá ṣẹ́jú padà, ènìyàn ni, ẹ kí i. Bí kò bá ṣẹ́jú, iwin ni, ẹ wá ọ̀nà lọ. Iwin lè gbé ìrísí ìyá yín wọ̀, ó lè fohùn bí ìyàwó yín, ṣùgbọ́n kò lè ṣẹ́jú, nítorí kò sí omi lójú rẹ̀." Èkejì ni ti ìfé. Àwa kì í pe orúkọ ara wa nínú igbó, ìfé la máa ń sú. Ọ̀gá wa ní: "Bí o bá gbọ́ ìfé ẹnì kejì rẹ, má yára wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó wo ọ̀dọ̀ rẹ̀, òun nìkan ni yóò rí, kò ní rí ẹkùn tó ń ṣọ́ ọ. Gbójú sókè ná, wo ohun tó ga jù tó sì jìnnà jù, ṣẹ́jú dáadáa, kí o tó dáhùn."

Ọdẹ́jìnmí gba ti ìfé. Kódà ó fi kọ́ ọmọbìnrin rẹ̀, Àwẹ̀ró, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, nígbà tí ọmọ náà kéré tó ń bá a lọ yẹ tàkúté wò. Ṣùgbọ́n ti ojú ṣíṣẹ́, ẹ̀rín ló fi rín. Ó ní, "Ṣé kí n máa ṣẹ́jú kiri inú igbó bí ìyàwó tuntun?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wa kò rẹ́rìn-ín.

Àwẹ̀ró dàgbà, ó mọ̀wé, ó sì jogún ojú baba rẹ̀. Ó gbọ́ pé ìlú kan wà lẹ́yìn Igbó Àrìnṣìnà tí wọ́n ti ń gba ẹni tí ojú rẹ̀ mú síṣẹ́. Ó di ẹrù rẹ̀, ó ró àdìrẹ ìyá rẹ̀ mọ́dìí, ó ní bí òjò bá dá òun á padà. Òjò dá, kò padà. Òjò mìíràn rọ̀, òun náà dá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ẹyẹ àgbìgbò kan bà sórí òrùlé Ọdẹ́jìnmí, ó sì fi ohùn ènìyàn sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ojú Àwẹ̀ró ti ń gbẹ. Ní ìlú tó wà, ẹni tí ojú rẹ̀ bá gbẹ tán, dígí ni yóò dà, wọn a sì gbé ẹlòmíràn jókòó síwájú rẹ̀ láti máa wò ó." Ẹyẹ náà fò lọ.

Ìyá Àwẹ̀ró kò ké. Ó bu gààrí sínú àpò ọdẹ ọkọ rẹ̀, ó fi ẹran gbígbẹ sí i, ó wá sọ pé, "Bàbá Àwẹ̀ró, bí ẹ bá rí i, ẹ má dúró bá a wí. Ẹ ṣáà mú un wá sílé."

"N ó mú un wá."

"Bí ojú rẹ̀ bá ti fọ́ ńkọ́?"

"Ojú tèmi wà," ni Ọdẹ́jìnmí wí. "Yóò tó àwa méjèèjì lò." Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yẹn, torí a ó padà sídìí rẹ̀.

Ó wọ Igbó Àrìnṣìnà. N kò ní fi ìrìn ẹsẹ̀ yọ yín lẹ́nu, ẹ̀yin tí ẹ kò lè rìn dé odò kí ẹ má gun ọ̀kadà. Ẹni àkọ́kọ́ tó dínà fún un ni Abojú-bí-Ajere. Ẹ mọ ajere, ìkòkò oníhò tí ìyá yín fi ń yan ẹja. Bí ihò ṣe wà lára ajere ni ojú wà lára òmìrán yìí, lórí, láyà, ní itan, gbogbo wọn pọ́n bí ata, kò sì sí ọ̀kan tó ń sùn nínú wọn. Bí ọ̀kan bá fẹ́ padé, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò ti rí nǹkan tó fẹ́ wò, yóò sì jí i. Òmìrán náà ń gbin, ó ń fa igi tu, ó ní ẹnikẹ́ni tó bá kọjá, òun yóò jẹ ẹ́, nítorí àìsùn ti sọ òun di ìkà. Wọ́n dì mọ́ra. Wọ́n wó ìrókò mẹ́ta lulẹ̀ kí wọ́n tó mí. Ká ní èmi ni, ọ̀kan péré là bá wó, torí n kì í fi àkókò ṣòfò. Nígbà tí Ọdẹ́jìnmí rí i pé agbára kò ní í ṣe é, ó fara ti ìdí igi, ó da ìjálá bolẹ̀:

"Oorun, ọba tí kì í fi kùmọ̀ jagun,
Ó dé ilé ẹkùn, ẹkùn gbórí lélẹ̀,
Ó dé ilé erin, erin fẹ̀yìn tigi.
Ìwọ ajere, ta ni ọ́ tí o ò ní tẹ́rí?
Ojú tó jí lónìí ló ní kí tọ̀la ṣókùnkùn."

Ojú tó wà ní itan òmìrán náà kọ́kọ́ padé, lẹ́yìn náà ti ikùn, lẹ́yìn náà ti àyà. Kí ti orí tó padé, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Ọdẹ, ibi tí ò ń lọ ni mo ti wá. Ojú méjì ni mo gbé débẹ̀. Gbogbo ohun tí mo wò níbẹ̀ ló lu ojú tuntun sí mi lára." Bó ṣe sùn nìyẹn.

Ọdẹ́jìnmí rìn síwájú, ó bá ìyá arúgbó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orísun omi. Ojú ìyá náà tutù minijọ, ó sì ń ṣẹ́jú sí gbogbo nǹkan: ó ṣẹ́ sí ewé, ó ṣẹ́ sí òkúta, ó ṣẹ́ sí Ọdẹ́jìnmí. Ọdẹ́jìnmí kàn ń wò ó ni.

Ìyá náà ní, "Ọmọ mi, já àlọ́ yìí fún mi. Ó so erin mọ́lẹ̀, kò lókùn. Ó mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán, kò lè mú ọwọ́ olótùútù gbóná. Bó bá sún mọ́ ọ, ohun tó jìnnà a di èéfín. Kí ni?"

"Ìyá, ọdẹ ni mí. Ẹ fi àlọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé."

"Ó dáa. Bu omi yìí bọ́jú. Bí o bá sì dé ibodè ìlú náà, ṣẹ́jú kí o tó sọ̀rọ̀. Ohun tí kò lè ṣẹ́jú a máa bẹ̀rù ẹni tó lè ṣe é."

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá wa gan-an ni ìyá yìí tún sọ, tí kò sì rí ọ̀gá wa rí. Ṣé ó yẹ kí etí ènìyàn ta? Etí Ọdẹ́jìnmí kò ta. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá, ó ní omi ojú òun pọ̀ tó, ó sì kọjá lọ. Ìgbẹ̀yìn ní í yé olókùúàdá.

Odi ìlú náà ga, ó sì dán. Ibodè kan ló ní, oníbodè rẹ̀ sì jókòó sẹ́nu rẹ̀ gbọnrangandan. Eruku ti bà sórí ẹyin ojú ọkùnrin yìí bó ṣe máa ń bà sórí àga tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé. Ó ní, "Ọdẹ, kí lo wá?"

"Ọmọ mi ni mo wá mú."

"Ẹni tó ń ṣẹ́jú kì í wọ ibí. Jẹ́ ká wo ara wa. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣẹ́jú, òun ló tẹ́."

Irọ́ ló ń pa. Ẹ̀rù ojú ṣíṣẹ́ ló ń bà á, bí ìyá arúgbó ṣe wí. Àgbẹ̀ ìbá pàdé rẹ̀, àgbẹ̀ ìbá ṣẹ́jú, kò ní ka ìyẹn sí nǹkan. Alágbẹ̀dẹ ìbá ṣẹ́jú, torí iná ti kọ́ ọ. Ọdẹ nìkan ni irú ìpè bẹ́ẹ̀ lè mú. Inú Ọdẹ́jìnmí dùn, ó ní wọ́n ti pè é sí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ó yajú kalẹ̀. Wọ́n wo ara wọn títí oòrùn fi kúrò lórí odi. Ojú ń ta á, omi kan jáde, òmíràn jáde, ẹ̀yìn ìyẹn kò sí omi kankan mọ́. Oníbodè rẹ́rìn-ín, ó yẹ̀ fún un lọ́nà. Ó ní, "Wọlé. O ti di ọmọ ìlú."

Gbọ̀ngán ńlá kan ni ìlú náà látòkèdélẹ̀. Àwọn ènìyàn jókòó lọ́wọ̀ọ̀wọ́, olúkúlùkù níwájú dígí kan tó ń tàn, ìka wọn ń tẹ bọ́tìnnì bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Ẹ̀yin ń pè é ní kọ̀ǹpútà. Àwọn ń pè é ní Ó-Ku-Díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n sọ nìyẹn. Kò sí okùn lẹ́sẹ̀ ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹ̀ṣọ́. Ilẹ̀kùn gbọ̀ngán ṣí sílẹ̀ gbayawu, fèrèsé kan sì wà lókè ògiri tí a lè gbà rí orí igi àràbà kan lọ́nà jíjìn, tí atẹ́gùn ń mì.

Ọdẹ́jìnmí ní, "Níbo ni ọmọ mi wà?"

"Nínú dígí," ni oníbodè wí. "Ohun gbogbo wà nínú dígí. Jókòó, kí o wò ó."

Ó jókòó. Dígí tàn, ó sì rí ọ̀nà igbó nínú rẹ̀, ó rí Àwẹ̀ró tó ń lọ níwájú, tó kọ ẹ̀yìn sí i, pẹ̀lú àdìrẹ ìyá rẹ̀ nídìí. Ó pè é. Kò wẹ̀yìn. Dígí ní, "Ó ku díẹ̀." Ọdẹ́jìnmí tẹjú mọ́ ọn. Bí ọ̀nà bá yà, ọmọ yóò ti yà kí òun tó débẹ̀. Ọdẹ kì í sì í mú ojú kúrò lára ohun tó ń tọpa, ẹ̀yin náà mọ̀. Ó ń lé e lọ.

Ẹ̀yin ará mi, Àwẹ̀ró gan-an ló jókòó sí apá òsì rẹ̀. Bí baba yìí bá na ọwọ́ díẹ̀, yóò kan èjìká ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà kò wo ẹ̀gbẹ́. Wọ́n ti sọ fún un pé bó bá parí ìwé tó ń tẹ̀, kó máa lọ sílé. Ìwé náà kì í tán. Bó bá kù díẹ̀ kó tán, ojú ewé mìíràn a yọ, dígí a sì ní, "Ó ku díẹ̀." Bí baba àti ọmọ ṣe jókòó ti ara wọn nìyẹn, tí wọ́n ń wá ara wọn kiri. Bí ojú bá rí, ẹnu a dákẹ́.

Òjò rọ̀ sórí gbọ̀ngán, òjò dá. Ẹnì kan máa ń rìn kọjá lẹ́yìn wọn, a ti ẹ̀kọ tútù bọ olúkúlùkù lẹ́nu, wọn a gbé e mì láìmọ̀ pé àwọn jẹun. Irùngbọ̀n Ọdẹ́jìnmí hù, ó kan àyà rẹ̀. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ ń yún un bí ẹni tí iyanrìn bọ́ sí lójú. Lẹ́yìn náà ó ń ta á bí ata. Ọrùn rẹ̀ gan, orí ń fọ́ ọ láti ẹ̀yìn ojú wá síwájú. Ó fẹ́ sunkún nítorí ìrora náà, ẹkún dé ọ̀fun, kò rí omi tí yóò bá jáde. Nígbà náà ni ẹ̀rù bà á. Ẹni tí ẹfọ̀n kò lè lé, tí ẹkùn kò lè lé, ó jókòó lórí àga, ẹ̀rù ń bà á.

Ó ní òun fẹ́ dìde. Ara rẹ̀ dìde, ojú rẹ̀ kò dìde. Ó gbé ìgbésẹ̀ kan, ojú fà á padà bí ewúrẹ́ tó dé òpin okùn, ó sì jókòó padà. Ó tún dán an wò, ó tún jókòó. Àlọ́ ìyá arúgbó wá yé e níbi tó jókòó sí. Ohun tó so erin mọ́lẹ̀ láìlókùn, iwájú rẹ̀ ló wà, ó ń tàn, kò sì gbóná. Ó ti já àlọ́, ṣùgbọ́n jíjá àlọ́ kò tú u sílẹ̀. Ó gbọ́ nǹkan kan tó sán lẹ́yìn rẹ̀, bí ìgbà tí àwo bá sán nínú omi gbígbóná. Ó mọ̀ pé ojú ẹnì kan ti gbẹ tán. Wọ́n gbé àga tuntun wá síwájú ẹni náà.

Bó ṣe ń bá a lọ, Àwẹ̀ró inú dígí pín sí méjì. Ojú ló ti rẹ baba, ohun kan ló ń wò tó ń rí méjì. Àwẹ̀ró kan gba ọ̀tún, ìkejì gba òsì. Ọdẹ́jìnmí kò mọ èyí tí yóò tẹ̀lé. Ẹ gbọ́ o: bí ọ̀nà ẹran bá pín sí méjì nínú igbó, kí ni ọdẹ máa ń ṣe? A máa sú ìfé sí ẹnì kejì rẹ̀, kí ó mọ ibi tí ẹni yẹn wà. Ọdẹ́jìnmí kò ronú rẹ̀. Ètè rẹ̀ ló ṣe é fúnra rẹ̀, ìfé kan tó gùn, ìkejì tó ṣẹ́ sókè, bó ṣe máa ń sú u nídìí tàkúté ní Òkè-Àparò.

Ọwọ́ ẹni tó jókòó lápá òsì rẹ̀ dúró lórí bọ́tìnnì.

Àwẹ̀ró kò wo ọ̀dọ̀ ẹni tó sú ìfé. Wọn kò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ pé bó bá gbọ́ ọ, kó gbójú sókè wo ohun tó ga jù tó sì jìnnà jù. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fi kọ́ ọmọ nígbà tó ń sáré tẹ̀lé baba, kì í bi ọgbọ́n orí kó tó ṣiṣẹ́. Orí rẹ̀ gbé sókè. Ojú rẹ̀ ká kúrò lára dígí, ó gba fèrèsé òkè jáde, ó sì bà sí orí igi àràbà. Kò rí igi, ohun tútù kan ló rí tó ń mì bí èéfín. Ó ṣẹ́jú. Ó dùn ún bí ẹni fi abẹ rẹ́ ẹ lójú. Ó ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ó sú ìfé padà.

Ọdẹ́jìnmí gbọ́ èsì. Àṣà kan náà mú òun pẹ̀lú, ṣùgbọ́n òun ti di arúgbó lẹ́nu wíwò. Ọrùn rẹ̀ dún bí igi gbígbẹ. Dígí rí i pé ó fẹ́ lọ, ó yí ohùn padà, ó ní, "Bàbá, ó ku díẹ̀," ní ohùn Àwẹ̀ró gan-an. Ọmọ inú dígí wá kọjú sí i fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó lẹ́wà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ̀ bíi ti ọjọ́ tó kúrò nílé, ó na ọwọ́ sí baba rẹ̀. Lójú kan náà ẹnì kan di apá òsì Ọdẹ́jìnmí mú. Ó yíjú díẹ̀, ó rí ọmọbìnrin kan tó gbẹ bí igi ààyán, tí ojú rẹ̀ pọ́n, tí irun rẹ̀ lẹ̀ pọ̀. Ọmọbìnrin náà ní, "Bàbá mi, èmi rèé."

Èwo ni ọmọ? Ẹ má dá mi lóhùn, ẹ̀yin tí ẹ jókòó sí ibòòji. Ọkàn Ọdẹ́jìnmí fà sí ti inú dígí. Ó sọ ọ́ fún mi, kò tijú. Ó ní, "Ọdẹ́rìndé, mo fẹ́ èyí tó lẹ́wà." Nígbà náà ni ẹ̀kọ́ tó fi rín ẹ̀rín rí padà wá bá a. Ó kọjú sí ti inú dígí, ó fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣẹ́jú kan. Ó kan án bí ìgbà tí a bá fa ilẹ̀kùn tó ti dípẹtà. Ọmọ inú dígí ń rẹ́rìn-ín. Kò ṣẹ́jú. Ó kọjú sí èyí tó gbẹ, ó tún ṣẹ́jú. Èyí tó gbẹ ṣẹ́jú padà, omi díẹ̀ sì yọ ní ìpéǹpéjú rẹ̀.

Ó ní, "Àwẹ̀ró."

"Bàbá mi. Ó pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ẹni tó ń kérora lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo rò pé iwin ni."

"Èmi ni. Ìwọ ni mo wá mú."

"Ẹ ti pẹ́ níbí?"

Ọdẹ́jìnmí fọwọ́ kan irùngbọ̀n rẹ̀. Ó rántí pé ìyá ọmọ náà ní kí òun má bá a wí. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n dìde, wọn kò wo dígí mọ́, orí àràbà ni wọ́n ń wò, bí wọ́n bá gbé ìgbésẹ̀ díẹ̀ wọn a ṣẹ́jú, wọn a tún gbé òmíràn. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngán, Ọdẹ́jìnmí yípadà, ó sú ìfé fún gbogbo àwọn tó kù, ó sú u kíkan débi pé ètè rẹ̀ sán. Kò sí ẹni tó gbórí sókè. Ẹni tí wọn kò kọ́ ní ìfé kò lè mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè.

Oníbodè dìde. Ó ní, "Ẹ wò mí." Wọ́n wò ó, àwọn méjèèjì sì ṣẹ́jú sí i pọ̀, oníbodè bá sá. Ìgbín tí wọ́n fi iyọ̀ kàn kò sá wọ ilé rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ká ní èmi ni, n kì bá fi mọ síbẹ̀, ǹ bá gbá a létí kan fún ẹ̀kọ tútù. Ọdẹ́jìnmí kò ní agbára ìyẹn. Wọ́n kọjá.

Ìyá arúgbó ṣì wà nídìí orísun. Kò ní kí a sọ fún un pé àlọ́ ti já. Ó bu omi, ó bọ́ ojú Àwẹ̀ró, ó bọ́ ti baba rẹ̀, ohun tó ń yún wọn lójú bí iyanrìn ṣàn dànù, orí fífọ́ náà sì rọlẹ̀. Àwẹ̀ró ní, "Ìyá, ìtòsí mọ́ fún mi, ṣùgbọ́n n kò rí ohun tó jìnnà."

Ìyá náà ní, "Èyí tó gbẹ, mo lè fi omi sí i. Èyí tó gbó, n kò lè lẹ̀ ẹ́. Ẹ máa sinmi rẹ̀. Díẹ̀ lè padà."

Abojú-bí-Ajere ṣì ń sùn nígbà tí wọ́n kọjá, ó sì ti ń dín kù, ojú mélòó kan lára rẹ̀ ti di ara padà. Wọ́n rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ní ọ̀sán gangan ni wọ́n já sójú ọ̀nà Òkè-Àparò. Ọdẹ́jìnmí wo òkè, kò rí àparò. Kò rí òkè gan-an, bí kò ṣe nǹkan kan tó ṣú bí ìkùukùu. Ọ̀nà yìí ni àwọn iwin máa ń gbà wá bá ènìyàn pẹ̀lú ìrísí ẹni tí ó fẹ́ràn. Nǹkan kan ń sáré bọ̀ wá bá wọn lọ́ọ̀ọ́kán, kò lójú, kò nímú, ó ń gbé apá sókè. Ọdẹ́jìnmí sú ìfé sí i. Kò dáhùn. Ó tún sú u. Ohun náà túbọ̀ ń sáré bọ̀. Ó gbé ìbọn séjìká, ìka rẹ̀ ti wà lórí irin tí a máa ń fà kí ìbọn tó dún.

Àwẹ̀ró di ẹnu ìbọn mú, ó tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ jẹ́ kó dé ìtòsí."

"Bó bá dé ìtòsí, yóò pa wá."

"Bí kò bá dé ìtòsí, a ò ní mọ̀ ọ́n."

Wọ́n dúró. Ohun náà dé, ó dúró níwájú Àwẹ̀ró, ó ń mí gúlegúle. Ọmọ náà sún mọ́ ọn títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, ó sì ṣẹ́jú. Ẹni tó wà níwájú rẹ̀ kò mọ àṣà ọdẹ, kò sì mọ ìfé. Ṣùgbọ́n ó ń sunkún, ojú tó bá sì ń sunkún kò lè ṣàì ṣẹ́. Ó ń ṣẹ́ léraléra, omi ń dà lójú rẹ̀.

Àwẹ̀ró ní, "Bàbá mi, ènìyàn ni. Ìyá mi ni."

Ọdẹ́jìnmí gbé ìbọn sílẹ̀ lójú ọ̀nà níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ bá a gbé e, ó ní kó fi í sílẹ̀. Ọdẹ tí kò mọ ìyàwó rẹ̀ yàtọ̀ sí iwin lójú ọ̀nà, kí ló tún fẹ́ fi ìbọn ṣe? Títí ó fi kú, Àwẹ̀ró ló ń júwe ọ̀nà fún un, pẹ̀lú awò ojú tó nípọn lójú tirẹ̀. Ojú rẹ̀ tó wí pé yóò tó àwọn méjèèjì lò kò tó mọ́, ojú ọmọ ni wọ́n wá ń lò.

Ibẹ̀ ni mo bá a dé, ibẹ̀ ni mo fi í sí. Iná ti dé, mo rí i bí ẹsẹ̀ ṣe ń yún yín. Ẹ ó padà lọ, ẹ níṣẹ́ láti ṣe, n kò sì sọ pé kí ẹ má ṣe é. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dìde, ẹ wo igi àràbà tó wà lórí òkè lọ́hùn-ún yẹn. Ẹ wò ó dáadáa. Ẹ ṣẹ́jú.

Ẹni tó bá jókòó ti ẹni tí kò ṣẹ́jú, kó rọra sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.